Àpò Tí Kò Ní Ọmọ Nínú

Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì Rumuokoro nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Rumuolumeni láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990 ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé wa dé ilẹ̀ àwọn Ikwerre ní gúúsù. Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ra wa, n kò sì tíì lóyún rí. Kì í bá mi wí, kì í dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn òbí bá kó ọmọ wá fún aṣọ iléèwé, wíwọ̀n rẹ̀ máa ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Á máa bi àwọn ọmọ náà ní kíláàsì tí wọ́n wà, á sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹfun ya nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, tí à ń pè ní Màdáámù, jẹ́ obìnrin ará Ikwerre kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Gẹ̀ẹ́sì àti píjìn ni wọ́n ń sọ sí wa. Èmi ni mò ń fi Yorùbá sọ ọ́ níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó wa lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà, wọ́n sì tọrọ ilé ọmọ àwọn abo màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú. A kó wọn dé iléèwé, Màdáámù rọ omi iyọ̀ gba inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a gba omi náà sínú àwo dígí, a wá ń fi maikirosíkóòpù wò ó. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ti sú àwọn kan nínú wa kí Màdáámù tó ní ká sún mọ́ àwọn.

"Ẹ wá wò ó," wọ́n ní. "Àwọn tó pa màlúù yìí ò mọ̀ pé ó ti lóyún."

Mo fojú lé e. Nǹkan róbótó kan ni, ó mọ́ gaara, etí rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan sì ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀.

Màdáámù ṣàlàyé. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, ó pín sí méjì, ó pín sí mẹ́rin, ó ń pín lọ. Gbogbo wọn jọra, jíìnì kan náà, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà, ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tó bá dé àkókò kan, àwọn jíìnì kan á jí nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí, àwọn mìíràn á sùn. Nínú àwọn tó ṣù jọ sínú, ọ̀tọ̀ ni jíìnì tó máa jí. Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀nà wọn ti yà. Àwọn tó wà létí á di ibi ọmọ, tí á máa gba oúnjẹ lára ìyá. Àwọn tó ṣù jọ sínú ni ọmọ màlúù fúnra rẹ̀, àti ọkàn, àti ìwo, àti pátákò.

"Tí àwọn ti inú ò bá ṣe tiwọn ńkọ́?" ẹnì kan bi wọ́n.

"Àwọn ti ìta lè máa dàgbà lọ fúngbà díẹ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n kò ní sí ọmọ."

Kí a tó ṣe ìdánwò ọdún yẹn, n kò rí nǹkan oṣù mi. Ọkọ mi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan sí ìyá rẹ̀, wọ́n sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àdín àgbọn àti ògbólógbòó ìró tí a máa gé fi ṣe ìtẹ́dìí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí mọ́sálásí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kì í sọ ohun tó ń tọrọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán díẹ̀díẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn jẹ́ àgùnbánirọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó tẹ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú mọ́ mi nínú, ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí.

"Mà," ó ní, "àpò wà, ibi ọmọ wà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọmọ nínú rẹ̀."

Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ kejì kó lè dá a lójú. Bákan náà ló rí. Wọ́n kó o kúrò fún mi.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìbànújẹ́ ló mú wọn máa béèrè ẹni tí mo bá jẹun àti ẹni tí mo jẹ́ kó fọwọ́ kan ikùn mi. Mo rántí, mo sì sọ, pé obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wa fọwọ́ kàn án, tó sì kí mi kú oríire. Láti ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni ọkọ mi ò ti kí i mọ́, ó gbà pé obìnrin náà ló gbé ọmọ wa lọ. N kò lè máa wo ọkọ mi bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo jókòó tì í, mo sì sọ ohun tí mo rí nínú màlúù fún un.

"Kò sẹ́ni tó gbé e lọ," mo ní. "Ibi ọmọ nìkan ló dàgbà. Ọmọ ò fìgbà kan wà níbẹ̀."

Ó ń fi ìka yí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì.

"Ṣé gbogbo àdúrà tí mo ń gbà fún un, mi ò gbà á fún ẹnì kankan ni?"

Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹnì kan gbé e," ó ní. "Tí wọ́n bá gbé e, a jẹ́ pé ó wà rí."

Ó gbé orí lé máṣíìnì, ó sì sunkún. Lọ́jọ́ kejì ó kí obìnrin oníkẹrosíìnì, obìnrin náà sì dá a lóhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo lọ bá Màdáámù, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn ti inú oyún mi ò fi ṣe tiwọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò mọ̀," wọ́n ní. "Nígbà míì ó lè jẹ́ pé nǹkan ti ṣe é kí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó pín. Kì í ṣe ohun tí o jẹ, kì í ṣe ẹrù tí o gbé." Wọ́n wá fi píjìn pè mí ní ọmọ wọn, wọ́n ní, "Sọ́rí, mai píkín," wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi lè dìde.

Oyún mìíràn ò dé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Rumuodara nígbà tí ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ ìyàwó kejì. Ó kọ̀, ó tún kọ̀. Èmi ni mo ní kó fẹ́ ẹ. A kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì pẹ́ tí ìyàwó kékeré fi lóyún. Ó bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ sí Ìlọrin kí wọ́n yẹ òun wò.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí irú ẹ̀rọ ìjọsí wà, ó wọlé. Mo dúró síta, mo ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì.

"Òun nìyí," ó ní. "Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sunkún débi pé àwọn aláìsàn ń wò mí. Ìyàwó kékeré jáde, ó dì mọ́ mi.

"Ìyáálé mi, ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Ayọ̀ ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ lọ wá mọ́tò.