Ọjọ́ Tí Àwòrán Fọ́ Wẹ́wẹ́ Lójú Àwọn Bíríkìlà

Ìgò tó fọ́ sára ògiri ni etí mi máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá ti rántí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ajah. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbó mi lẹ́nu. Mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí.

Àǹtí kan ló ni ilé ìwòran náà, àwọn òṣìṣẹ́ sáìtì láti Igbó Ẹfọ̀n ló sì ń kún ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n so mọ́ pirojẹ́tọ̀ ni Àǹtí fi ń ju àwòrán sára ògiri. Èmi ni mo ki túnà bọ̀ ọ́ lára, nǹkan kékeré bí ìka ọwọ́ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n láti ara òpó áńtẹ́nà ìta. Èmi náà ni mo fi dráífà sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tó ń pàṣẹ fún túnà. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí bí ọkọ ìyàwó.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n mú iná lọ, Àǹtí sì tan jẹnẹrétọ̀. Kò pẹ́ tí àwòrán fi fọ́ wẹ́wẹ́ bíi táìlì, ó sì dúró pa, bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè níwájú góòlù. Àwọn bíríkìlà fò dìde. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń tẹ irin ní sáìtì wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ tọ̀, ló mi òpó áńtẹ́nà kí wọ́n má baà rí góòlù tó fẹ́ wọlé sí ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ wọlé. Pákó ṣẹ́ mọ́ ọn lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé táyà dé, ẹlòmíì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n tì í ṣubú.

Fóòmánù wọn fọ́ ìgò mọ́ ògiri, ó di ọrùn aṣọ mi mú, ọrùn ìgò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. “Ìwọ akọ̀wé, tí àwòrán yẹn ò bá padà, a jẹ́ pé òun náà ni. A máa sun ún.”

Mo ṣí ojú ibi tí túnà ti ń ròyìn ara rẹ̀. Agbára tó ń bọ̀ láti òpó kún dáadáa, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò mi òpó. Síbẹ̀ àṣìṣe nínú àwòrán tó ń wọlé ń pọ̀ sí i. Mo yọ dráífà, mo dá a padà, pàbó ni. Àfìgbà tí mo rí àmì bátìrì. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, Àǹtí ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná kí jẹnẹrétọ̀ má baà sun ún. Bí wọ́n sì ṣe kọ dráífà yẹn, tí kọ̀ǹpútà bá ti wà lórí bátìrì, á máa fi oorun kun túnà kí bátìrì lè pẹ́. Mo mú àṣẹ oorun náà kúrò.

Àwòrán padà. Góòlù ti wọlé tipẹ́. Ẹni tó gbé táyà wá jókòó lé e, ó ń wòran. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì. Ọkùnrin tí wọ́n lù fi ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀, ó gbójú sókè.

“Fóòmánù, mélòó ni wọ́n gbá?”

“Ọ̀kan sí òdo,” ni fóòmánù wí wọ́ọ́rọ́, ó sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Ojú òsì ọkùnrin náà ò ríran mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nísinsìnyí tí mo ti ń gbé nínú ẹ̀sìtéètì tó ní géètì, tí àwòrán bá dúró pa nílé wa, àwọn ọmọ á ní kí Dádì wá tún un ṣe. Tí wọ́n bá rí i tí mi ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, wọ́n á rò pé dráífà ni mò ń rò. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ọwọ́ àwọn tó wà nínú yàrá ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.