Ìgbà Tí Ilé Kò Gbọ̀n Mọ́

Èmi nìkan ló ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Ẹni tí a jọ dá a sílẹ̀ ti kó lọ sí Kánádà, ó ní kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àdáwà burú. Ẹni tó bá ní kò burú, ẹ bi í bóyá ó ti bá ara rẹ̀ jiyàn rí títí inú fi bí i.

Màmá onílé, arúgbó tí etí wọn ti di pátápátá, ń dá gbé lókè orí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan ọmọ wọn ọkùnrin wá kí wọn láti Ìkòròdú. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó fọwọ́ kan ògiri.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ń mi gbogbo building. Tí màmá mi bá ṣubú ńkọ́? Ẹ wá nǹkan ṣe sí i before month end, àbí kí ẹ pack."

Ibo ni mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ? Gbogbo oníbàárà mi, láti Onípánù dé Fọlá Àgòrò, ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà ní, ọ̀kan kúrú. Tó bá ń ṣiṣẹ́, èyí tó kúrú yẹn a máa gbá ilẹ̀, ẹ̀rọ a sì máa sún lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá. Orí mi gbóná. Mo dá ihò sílẹ̀, mo fi bóòtì onírin dè é mọ́ sìmẹ́ńtì pinpin. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ẹ̀rọ kò sún mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo gbígbọ̀n rẹ̀ wọlẹ̀, ó gba ara ògiri gòkè, ògiri sì là.

Mo tú bóòtì tìbínú-tìbínú. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà àlòkù ní Bàrígà, mo gé rọ́bà tó nípọn, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ègé kan kún ti èyí tó kúrú. N kò dè é. Ìwúwo ẹ̀rọ tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, rọ́bà ń gba gbígbọ̀n náà mọ́ra, ó sì ń kú síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó dúró jẹ́ẹ́. Inú mi dùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo rí Màmá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Wọn kì í sọ̀kalẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo sáré dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ mi títí.

"O wà níbí? Láràárọ̀ ni mò ń gbé ọwọ́ lé tábìlì. Tó bá ti ń gbọ̀n, màá ní, ọmọ yẹn ti dé. Kò gbọ̀n mọ́. Mo rò pé o ti kú ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbọ̀n mí. N kò mọ̀ pé ẹnì kan wà ní gbogbo Ṣómólú tó ń retí pé kí n dé. Mo mú wọn gòkè padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó tan ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ gun òkè lọ, mo sì fọwọ́ gbá tábìlì tí wọ́n gbé ọwọ́ lé.