Bátìrì Inú Àpótí

Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyá Ìpamọ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, kì í sì í ṣe èébú. Ẹ wọ pálọ̀ rẹ̀ wò ná. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ra àga ìjókòó, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó, á máa dún ṣàkàṣàkà lábẹ́ ìdí. Àwo funfun elétí wúrà mẹ́fà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n ń wo àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń jẹun nínú àwo oníke. Àlejò ni àwọn àwo yẹn ń dúró dè. Àlejò wo? Ẹ má bi mí. Bí àlejò bá dé, á ní irú àlejò tí òun ní lọ́kàn kọ́ nìyí.

Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé náà fojú winá ìwà yìí. Ìyàwó ra bàtà aláwọ dúdú fún un, ojúlówó, ó ní kó má tíì wọ̀ ọ́, kó di ọjọ́ pàtàkì. Ọkùnrin náà wọ bàtà ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ ló so okùn rẹ̀. Àbúrò Ìyá Ìpamọ́, aránṣọ tó kó wá bá a gbé lẹ́yìn ìsìnkú, kì í dárúkọ bàtà nínú ilé yẹn.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Ìyá Ìpamọ́ ń ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan, láti ayé ẹ̀rọ tó ń dún gbàgàgbàgà títí dé ayé kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ̀nà ju ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ara lọ́yà kò gbé e mọ́ tó ti ọ́fíìsì pa, ó fún un ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan pé kó máa fi rántí òun.

Ẹ gbọ́ ohun tó fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ó kì í bọ iná títí ó fi kún dé ọgọ́rùn-ún. Ó wá yọ bátìrì rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó fi áńkáṣíìfù funfun wé e, ó fi ọ̀rá wé áńkáṣíìfù, ó tì í mọ́ inú àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà, iná ara ògiri nìkan ni kọ̀ǹpútà yẹn ń jẹ. Bí iná bá lọ, á kú. Bí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, á kú. Ìwé tó bá sì tẹ̀ tí kò tíì fi pamọ́ sínú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Kì í ṣe òun nìkan ló gba irú nǹkan yìí gbọ́ o. Ìdajì àdúgbò ló gbà pé bátìrì tí a kò lò ni kì í gbó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí la wá ra bátìrì fún?" àbúrò rẹ̀ a máa bi í.

"Má fọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀, ojú á tì yín."

Ọjọ́ náà sì dé. Ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà sọ sínú ẹ̀rọ, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti wo ọjọ́ orí Ìyá Ìpamọ́, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí wọ́n ní àwọn á pè é. Títí di òní, wọn ò pè é. Àwọn ti ilé ìwòsàn yìí nìkan ni wọn ò bèèrè ọdún. Ìdánwò ni wọ́n ní kí kálukú ṣe, lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, lóun nìkan, nínú yàrá tó dákẹ́, kámẹ́rà á máa wò ó. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú lójú ìdánwò, tirẹ̀ ti parí, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Obìnrin náà fẹ́ iṣẹ́ yìí bí ẹni ń fẹ́ omi mu. Kì í ṣe pé ebi ń pa á; ẹ̀rọ ìránṣọ àbúrò rẹ̀ ń bọ́ wọn. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń tẹ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn àti ìwé ìpè ìgbéyàwó fún ará àdúgbò, ó sì ń rí i pé ìka tó mọṣẹ́ tó báyìí ń kú sí òun lọ́wọ́. Ìyẹn ló ń dùn ún.

Láti ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara rẹ̀ kò ti gbà á. Ó jókòó, ó dìde. Ó fọwọ́ kan ìdí ṣájà, ó gbóná díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún kì í bọ ihò. Ó tan gílóòbù wò bóyá iná ṣì wà. Iná wà. Ó pa á. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, ó tún tàn án.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹ́ kí gílóòbù yìí sinmi? Ṣé ẹ fẹ́ fi ìwòkuwò lé iná lọ ni?"

"Dákẹ́ jàre! Wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó yí, ó yí, ó dúró. Kọ̀ǹpútà ṣú. Gbogbo òpópónà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé wọ́n ti mú iná lọ. Àbúrò gbọ́wọ́ lé orí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni ara obìnrin yìí balẹ̀ láti ìdájí? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ pàtàkì rèé, òun kò ṣe bí òmùgọ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ó wọ́ àpótí jáde, ó tú ọ̀rá, ó tú áńkáṣíìfù. Bátìrì náà mọ́ tónítóní, eruku ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó dún kẹ́ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Kọ̀ǹpútà kò dáhùn.

Ó tún un tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó yọ bátìrì, ó fi etí ìró nù ún, ó gbàdúrà sí i lórí, ó dá a padà. Òfo ni. Iná pípọ́n kékeré kan kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ṣé ó kún ṣá?" àbúrò bèèrè.

"Ó kún! Ojú mi ló ṣe kún! Ọgọ́rùn-ún ló wà nígbà tí mo yọ ọ́!"

"Ìgbà wo lẹ yọ ọ́?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn."

Ìgbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí. Ó gbá bátìrì mú, ó bẹ́ síta. Sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún jẹ́ tirẹ̀, ti òsì jẹ́ ti àbúrò. Àwọn tó ń kí i lọ́nà, kò mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n.

Níbi tí òpópónà ti ṣẹ́ kọ́nà ni ṣọ́ọ̀bù Dókítà Bátìrì wà, ọkùnrin kan tó so ìgò ojú mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn bàtà, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń bú ramúramù lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba bátìrì, ó fi abẹ́rẹ́ méjì ẹ̀rọ ìdánwò kàn án, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú Ìyá Ìpamọ́.

"Màmá, òkú lẹ gbé wá."

"Òkú báwo? N kò lò ó rí!"

"Ohun tó pa á náà nìyẹn. Bátìrì kì í ṣe góòlù, Màmá. Bó tiẹ̀ wà lójú kan, ó ń jẹ ohun tó wà ní ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tì í mọ́lé fún ọdún mẹ́ta, ẹ ò fún un lóúnjẹ. Ebi ló pa á."

"Mo ní kó má baà gbó ni."

"Kò kúkú gbó. Kékeré ló kú."

Kò sí àyè láti bínú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Ó bẹ Dókítà pé kó jẹ́ kí òun gbé kọ̀ǹpútà wá sídìí jẹnẹrétọ̀. Dókítà mi orí: ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, iná rẹ̀ náà sì ń fò sókè sódò, ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ pátápátá. Ó ronú díẹ̀. Ó wá dojú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ délẹ̀, irú kan náà ni pẹ̀lú ti Màmá, ó sì fa bátìrì rẹ̀ yọ. Ẹ wo bátìrì! Ó ha káàkiri, téèpù dúdú ló di igun rẹ̀ kan mú, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́.

"Ẹ mú èyí."

"Èyí? Ọdún mélòó lo ti ń lò ó?"

"Ọdún márùn-ún, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá."

"Ṣé ó kún?"

"Méjìdínláàádọ́rin ló wà."

"Mo gbé! Kò tiẹ̀ kún!"

"Èmi kì í jẹ́ kó yó kọjá ààlà. Bó bá dé ọgọ́rin, mo yọ ọ́. Bó bá ku bí ogún, mo fún un lóúnjẹ. N kì í gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ooru kì í jẹ́ kó mí. Òun ló fi pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, kí ẹ sì ti gbogbo ohun tí ẹ kò bá lò pa. Màmá, ẹ máa sáré!"

Ó sáré. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Bátìrì onítéèpù wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì, ojú kọ̀ǹpútà là. Àbúrò gbé fóònù tó ń pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ dúró síta bí ẹ̀ṣọ́.

Ohùn dókítà àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń sọ, ó ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá Ìpamọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan wà lórí ọ̀rọ̀, ekejì wà ní igun ìsàlẹ̀ níbi tí nọ́ńbà bátìrì wà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Méjìléláàádọ́ta. Ó ń ṣírò bó ṣe ń tẹ̀. Nígbà tó di mọ́kànlélógójì, ìka rẹ̀ ń kọ́ra wọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, òun tí lọ́yà máa ń fi yangàn! Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó ya etí ìwé kan, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí nọ́ńbà náà.

"Bó bá fẹ́ kú, kó kú," ó wí sí kámẹ́rà. "Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Ìka rẹ̀ bá mú ọ̀nà wọn pọ̀n. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, eegun ìtan, kò sí èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ohùn ìkẹyìn dákẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì ìparí, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ìwé rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ṣí etí ìwé yẹn kúrò lórí nọ́ńbà. Mẹ́tàlá ló kù. Ibi tó ti ń mí kanlẹ̀ ni iná ti dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo òpópónà hó yèè. Ẹ wá wo ìwà iná!

Lọ́sàn-án, ó dá bátìrì padà fún Dókítà pẹ̀lú ọpẹ́ tó gùn bí ìrìn àjò. Dókítà ní òun á bá a wá tuntun, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni kó máa gbé. Ó ju òkú bátìrì sínú ike tó ń kó irú wọn sí.

"Ṣé n kò lè mú ìyẹn lọ sílé?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

"Kí n sáà fi í pamọ́."

Dókítà wò ó. Ìyá Ìpamọ́ fúnra rẹ̀ náà gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí, ó rín, ó di ikùn mú, kó tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún. "Bàtà yẹn ni," ó ní. "Ó bẹ̀ mí o, ó ní kí n jẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ lọ sí ìta lásán." Dókítà kò mọ bàtà tó ń sọ, ó fa àga fún un, ó pa jẹnẹrétọ̀ kí obìnrin náà lè sunkún ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà dé pé ó rí iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Nígbà tí àbúrò ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé wá jẹun, ó bá ọ̀rá àga ní fífàya nílẹ̀. Oúnjẹ wà lórí tábìlì nínú àwo elétí wúrà méjì, èéfín ń rú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ti fún yín níṣẹ́ ọ̀hún?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ta ló wá ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀," Ìyá Ìpamọ́ dá a lóhùn. "Jókòó, kí o jẹun."