Wọ́n Ní Kí N Wá Ṣe Ọ̀gá, Mo Ní Rárá

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi kan, ọmọ bíbí Texas, kò ra kọfí fún mi rí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ní kí a jọ lọ jẹun ọ̀sán ní Westchase, ara mi kò balẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi níṣẹ́ ni.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn elépo ní Houston, ọ̀kan nínú àwọn ilé onídígí tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n máa ń rán ẹ̀rọ kan gba inú páìpù epo kọjá kó lè ya àwòrán ibẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo àwòrán yẹn lórí kọ̀ǹpútà, kí n sọ ibi tí irin ti ń dógùn-ún kó tó di pé ó jò. Ẹlòmíì á wò ó, á máa yán. Ní tèmi, àmì kékeré kan tí kò ju èèrà lọ lè gba odidi àárọ̀ lọ́wọ́ mi, inú mi á sì máa dùn.

A ò tíì jẹ ẹran dé ìdajì tí ọ̀gá fi sọ̀rọ̀. Ó ní olórí ẹ̀ka wa ń lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, òun sì fẹ́ kí n gba ipò rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni yóò wà lábẹ́ mi. Mo dúpẹ́, mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n rò ó.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò nílò ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo olórí ẹ̀ka tó ń lọ yẹn. Kì í wo páìpù, kàlẹ́ńdà ló ń wò. Inú mítìn kan ló ti ń bọ́ sínú òmíràn, bí ẹni tí òjò ń lé láti abẹ́ igi kan dé abẹ́ igi mìíràn.

Ọkọ mi ní ohun tó bá ti tẹ́ mi lọ́rùn tẹ́ òun náà lọ́rùn. Àmọ́ nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn, lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un sọ, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa.

“Wọ́n ní kí o wá joyè, o ní o ò jẹ?”

“Mà, kì í ṣe oyè. Iṣẹ́ ni.”

“Kí ni kí n wá sọ fún àwọn tí mo ti ń sọ fún pé ọmọ mi ni ọ̀gá gbogbo wọn níbẹ̀?”

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé mo ti ń jẹ ọ̀gá ní Ìbàdàn láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Mo padà lọ bá ọ̀gá, mo ní mo dúpẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́ mi lọ́rùn. Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ fún un pé n kì í mu omi. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ìpinnu mi. Mo ti pẹ́ tó nílùú yìí láti mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń bọ̀wọ̀ fún ìpinnu ènìyàn, wọ́n ti ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbì kan nìyẹn.

Láàárín oṣù kan, ìròyìn mẹ́ta ló jáde nípa mi. Àwọn kan ní mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn kan ní ara mi kò yá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo fẹ́ lọ ṣí ilé oúnjẹ. Obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi tilẹ̀ bi mí bóyá màá máa ta ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tó di ìparí ọdún, ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ mi dé. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo dúró ṣinṣin sí ipò mi. Ìyìn ni. Lọ́tẹ̀ yìí, gbólóhùn kan náà ni wọ́n kọ, àmọ́ wọ́n gbé e sábẹ́ àwọn ohun tó yẹ kí n ṣàtúnṣe.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti Èkó wá ni wọ́n padà fún ní ipò náà. Ó wá kàwé níbí, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka àwòrán páìpù. Àǹtí ló ń pè mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un, ó dúró dè mí níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, nínú oòrùn Houston tó dà bí ẹnu ààrò.

“Àǹtí, wọ́n ti fún mi ní ipò yẹn o. Abeg, ẹ sọ pé kí n má gbà á, màá kọ̀ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Báwo ni mo ṣe máa máa rán yín níṣẹ́?”

“Gbà á jàre,” mo ní. “Wèrè kan ti tó ní ẹ̀ka wa.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá mítìn. Mo na ọwọ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà.” Mo ní kó dìde, ó dìde, a rẹ́rìn-ín, a wọlé. A ò kíyè sí àwọn mẹ́ta tó ń po kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ọwọ́ wọn ti dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bi mí bóyá inú ń bí mi sí ẹni tó gba ipò tí mo kọ̀. Mo ní rárá.

“Ṣé ìwọ lo ní kó kúnlẹ̀?”

“Rárá o. Ìyá rẹ̀ ló ní kó máa kúnlẹ̀.”

“Nígbà wo?”

“Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n pe ọ̀dọ́bìnrin náà, òun náà ṣàlàyé. Wọ́n parí ẹjọ́ náà pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, àmọ́ kí a máa kí ara wa lórí ìdúró. Láti ìgbà náà, tó bá ku àwa méjì nínú lífíìtì, á sáré kúnlẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nínú ímeèlì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le bí òkúta: kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, fóònù mi á dún: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ọ̀gá àgbà ló ń kà á.”

Mo ń fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí wọ́n ṣe mítìn lórí páìpù kan tó gba ẹ̀bá odò kékeré kan kọjá. Mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n wú u lọ́dún náà, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ sún un di ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò pè mí sí mítìn náà. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ló ní kí n tẹ̀ lé òun, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo lanu, mo sọ èrò mi. Ọ̀gá àgbà kan tí n kò rí rí fi ẹ̀rín dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá yíjú sí ẹni tó jókòó tì í: “Ta nìyẹn?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, n kò lè wà á lọ sílé ní Cinco Ranch. Ó dùn mí wọra. Mo rò pé àga nìkan ni mo kọ̀. N kò mọ̀ pé inú àga yẹn ni wọ́n ń tọ́jú ẹnu sí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́bìnrin náà wá síbi tábìlì mi, kò kí mi rárá. Ó fa àga kan. “Àǹtí, ẹ kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.” Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ó kó o lọ bá wọn, wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n wú páìpù náà. Ara irin ọ̀hún ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídígí kan. Ó takú pé kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́tà méjì ló sọnù níbẹ̀. Inú mi dùn. Inú mi kò sì dùn. Òun ló sunkún.

Ọdún kejì, wọ́n gbé e lọ sí ipò tó ga ju ìyẹn lọ, àga náà tún ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti yí ọkàn padà. Mo ń retí kí ẹnì kan mú mi lọ jẹun. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá mi àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì, ni mo bá lọ bi ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Ó ní ó wà nínú fáìlì mi pé n kì í fẹ́ irú ẹ̀, àwọn sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ìta ni wọ́n ti mú ọkùnrin kan wá sórí àga náà. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ka àwòrán páìpù. Ó ń gbìyànjú. Lánàá, ó tọ́ka sí àmì kan, ó ní irin ti dógùn-ún níbẹ̀. Ìdọ̀tí lásán ni. Ó bi mí ìdí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí kò fi jẹ́ olórí ẹ̀ka. Mo ní kó máa wo àwòrán lọ, a ò tíì dé ìdajì páìpù.