Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Wọn Ò Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ

Ọjọ́ kan náà ni bàbá mi mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Hamdalaye, àdúgbò wa, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu àwọn àgbà ní Ouagadougou. Aṣọ ni bàbá mi ń tà. Ọdún kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò, tó ń to òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún mi nínú àgbàlá wa.

Ọmọ oníṣòwò, ọmọ mọlémọlé àti ọmọ àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ló kún kíláàsì wa. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ Faransé nílé nínú wa. Bí olùkọ́ bá bi wá ní ìbéèrè, ńṣe la máa ń wo ẹnu ara wa.

Lọ́dún kẹta, oníbàárà bàbá mi kan, ìyàwó akọ̀wé ìjọba, bá wa rí àyè ẹnì kan ṣoṣo nílé ẹ̀kọ́ táwọn ọmọ akọ̀wé ń lọ. Bàbá ní èmi ni kí n lọ.

"Ìyá yín ò lè dá iṣẹ́ ilé ṣe," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ti Hamdalaye yìí ò jìnnà sílé."

"Ó dáa, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì wọlé lọ.

Ojú ń tì mí gan-an nílé ẹ̀kọ́ tuntun náà lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Faransé làwọn ọmọ yẹn fi ń jà, òun ni wọ́n fi ń ṣeré. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí máa ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín rí. Nígbà tó yá, mo ń bá a lọ ka ìwé nílé wọn. Mi ò mọ ìgbà tí èdè náà mọ́ mi lẹ́nu.

Ìdánwò kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ní ká fi Faransé ròyìn ìrìn àjò nínú ọkọ̀ ojú irin. Mi ò wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi débi pé ojú ìwé méjì ni mo kọ kún. Ẹ̀gbọ́n mi yanjú ìṣirò tirẹ̀ kíá. Nígbà tó kan ọkọ̀ ojú irin, ìlà mẹ́rin ló rí kọ. Nígbà tí èsì jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì tiwa yege. Ẹnì kan péré ló yege nínú tiwọn ní Hamdalaye. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi.

"Orí ò dọ́gba," ni bàbá mi wí nídìí oúnjẹ.

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá Ìyá lọ sọ́jà, kò sì padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́.

Olùkọ́ ni mo dà. Bàbá ti darúgbó kí n tó lè là á mọ́lẹ̀ fún un: "Bàbá, orí ẹ̀gbọ́n mi pé ju tèmi lọ. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ fi mí sáàárín wọn ló gbé mi dé ibi tí mo dé."

Bàbá ní, "Mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ká aṣọ.

"Ìgbà tí mo ṣì lè padà síbẹ̀ ló yẹ kó o ti sọ ọ́," ó wí fún mi. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó gbé èyí tó ká tán sílẹ̀, ó sì mú òmíràn.