Ọlọ Fómù Tí Mo Ṣe fún Eré Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá Sìkírá, aládùúgbò wa ní Ìjókò, fi ọlọ fómù mi lọ ata lónìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gé e, tí mo fi kùn ún, kó lè jọ ọlọ inú fíìmù tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fi ṣeré. Mo gbé e síta kí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ, mo kàn wọlé lọ mumi ni.

"Ìyá, ọlọ eré nìyẹn o."

"Abájọ tí ata ò fi kúnná. Ta ló tà á fún ẹ?"

Inú bí mi, títí mo fi wò ó dáadáa. Ata ti sọ àárín rẹ̀ di pupa bíi ti inú fíìmù gan-an. Gbogbo ọ̀dà tí mo rà ní Sàngó ò gbé àwọ̀ yẹn jáde.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa lọ̀ ọ́ lọ."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o: nínú èmi àti Ìyá Sìkírá, ta ló ṣe ọlọ yìí?