Apá Òsì Méjì Lára Aṣọ Kan

Ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù èmi àti télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-ku-Bọ́tìnnì. Irun ni èmi ń gẹ̀ níbi tèmi, etí mi sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé wá béèrè aṣọ, kódà bí aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi gbé e wá, ohun tí télọ̀ yóò sọ ni pé, "Ó ti parí o, ó ku bọ́tìnnì." Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan tó gbé kọ́tìnnì ojú fèrèsé wá rí. Irọ́ ọkùnrin yìí máa ń gún régé ju aṣọ tó ń rán lọ.

Ẹ má rò pé òun ló wá Jésù lọ. Ọkọ ìyàwó kan ló lé e débẹ̀, ẹni tó fi ṣẹ́ẹ̀tì lásán gbéyàwó nítorí kóòtù tó ku bọ́tìnnì. Ó yọ sí télọ̀ lójú pópó ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ni télọ̀ bá ki eré mọ́lẹ̀, ó já wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lúgọ sẹ́yìn òpó. Oníwàásù la ohùn: "Ìwọ tó ń sá! Ẹni tó ń lé ọ kò fẹ́ nà ọ́. Àánú ló gbé lọ́wọ́!" Télọ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti fẹjọ́ òun sùn ni. Nígbà tó yọjú tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún débi pé ọkọ ìyàwó tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ló tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àánú Ọlọ́run mà pọ̀ o. Ká ní èmi ni, màá kọ́kọ́ gba kóòtù ná.

Wọ́n ṣèrìbọmi fún un. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò bá wọn jó.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, mo rí i pé o tutù," ló wí. "Ta ni wọ́n máa rì bọmi tí ò ní tutù? Ọjọ́ tí ojú bá pọ́n ẹ tí o ò purọ́ ni màá gbà. Tí mo bá tún gbọ́ irọ́ kan, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ."

Kò fi ṣeré. Irọ́ ti sú u.

Kò pẹ́ sígbà náà ni màmá tó ń darí àwọn akọrin gbé aṣọ wá. Opó ni. Aṣọ náà ni ọkọ rẹ̀ rà fún un gbẹ̀yìn kó tó kú, ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ìjọ yóò ṣèrántí rẹ̀. Aṣọ náà kéré, kò ṣeé ká sí méjì láti gé apá méjèèjì pọ̀, ni télọ̀ bá ń gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń kọrin ìyìn, tó dijú, tó ń mi orí, ó gbàgbé láti yí pépà ìdíwọ̀n padà. Apá òsì ló gé, apá òsì ló tún gé. Kò ṣẹ́ ku ìrépé aṣọ kan, wọn ò sì ta irú rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ rí apá méjèèjì lórí tábìlì. Ó jókòó, ó ń wo ọkọ rẹ̀.

Kí télọ̀ tó mọ ohun tó máa ṣe, màmá ti wọlé. "Télọ̀, aṣọ mi ńkọ́?"

Mo pa ẹ̀rọ mi. Oníbàárà mi, tí ìlàjì orí rẹ̀ ti dán tí ìlàjì kò tíì dán, náà na etí.

"Màmá, ó ti parí," ni télọ̀ wí, "ó ku..."

Ìyàwó rẹ̀ dìde dúró. Ni mo bá gbọ́ gbì! Mo yọjú wò wọ́n: télọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Irọ́ ni, màmá! Kò tíì parí. Mo ti ba aṣọ yín jẹ́. Apá òsì ni mo gé méjèèjì. Ẹ ṣàánú mi."

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú apá aṣọ kan, ó fi bo ojú, ó sì sunkún gidi. "Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan aṣọ yìí," ló ń wí. Ó dun èmi náà wọra. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nígbà tó yá, ó nu ojú.

"Kí lò ń ṣe lọ́wọ́ tó o fi gé e báyìí?"

"Orin ni mò ń kọ, màmá."

"Orin wo?"

Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wà tó fi kọ ọ́. Ẹ gbà mí, ohùn náà burú! Màmá bú sẹ́rìn-ín tomijé tomijé.

"Dìde. Rán an bẹ́ẹ̀."

"Màmá, á lọ́ o!"

"Kó lọ́."

Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìrántí. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti darí orin ni apá yẹn ń lọ́ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ìsìn, akọrin kan fà á lápá aṣọ. "Màmá, ta ló rán aṣọ yín báyìí? Ẹ ò bá ti dá a padà fún un!"

"Ìwọ ńkọ́?" ni màmá dá a lóhùn. "Ṣé gígún lo gún tí Olúwa fi gbà ọ́? Ǹjẹ́ ó dá ọ padà?"

Ìyàwó télọ̀ gbọ́. Níṣojú gbogbo wa, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ kọrí sílé.